Fọ́tò Tí Kò Rí Òjò

Iṣẹ́ òjò rírọ̀ ni obìnrin náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Olójò. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kámẹ́rà inú mọ́tò, àgọ́ páànù gígùn kan wà tí wọ́n fi páìpù oníhò wẹ́wẹ́ tẹ́ àjà rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì. Wọn á wa mọ́tò kan sábẹ́ rẹ̀, Olójò á wọ bàtà rọ́bà, á fi aṣọ òjò bora, á sì lọ dúró ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Tó bá ṣí i gbayawu, ọ̀wààrà òjò dé nìyẹn. Tó bá tún un dì díẹ̀, òjò á di winniwinni, irú èyí tí í bà lé gíláàsì bí ìgbà tí èèyàn sín sí i lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan lẹ́dàá tó ń gbowó oṣù lórí ohun tí Ọlọ́run ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ti Ọlọ́run kì í gbọ́ràn. Tèmi, ẹ ní kó dá, ó dá."

Ilé fọ́tò ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ń ya fọ́tò fún gbogbo òpópónà tí wọ́n gbé dàgbà, nígbà tí kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é sí. Bí bàbá ti kú, Olójò ló gba kámẹ́rà. Ó mọ iṣẹ́ náà dọ́ba. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù di kámẹ́rà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, àwọn oníbàárà ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun. Lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn ilé fọ́tò náà pa, aṣọ dúdú tí bàbá rẹ̀ máa ń ta sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò nìkan ló ká dání lọ sílé. Ó gé e, ó fi rán aṣọ fèrèsé fún Màmá.

Òun, Màmá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé. Ọkọ Olójò ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́, òun náà kò sì bímọ. Àbúrò yìí ló pọ̀n sẹ́yìn, òun ló kọ́ ọ níwèé, òun náà ló sì máa ń bá a jà lórí àwo tí kò fọ̀. Awakọ̀ ni àbúrò náà. Rọra ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́sẹ̀ ló ṣe máa ń wakọ̀. Àwọn tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní ìgbín pàápàá a máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé kó yà fún òun. Kò bínú sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sáré, ṣebí ọ̀run náà lẹ ń sáré lọ. Èmi ò kánjú débẹ̀." Ní gbogbo ọdún tó fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò gbá adìyẹ rí.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ń bá wakọ̀ ló kọ́kọ́ wó. Bí wọ́n ti tà á, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ máa lọ sílé ná, àwọn á pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, tí á máa wo mọ́tò tó ń kọjá, tí á máa sọ fún Màmá pé, "Ìyẹn ò mọ̀ ọ́n wà. Ẹ wo bó ṣe gé kọ́nà." Màmá á ní, "Ó kéré tán, òun ń wà á."

Lásìkò yẹn gan-an, iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́ Olójò.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì iwájú mọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ̀ pé òjò ti bà lé gíláàsì, kó sì ní kí wáípà bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wá jókòó, wọ́n ní kámẹ́rà tó ń wo ọ̀nà kúkú wà lórí gíláàsì kan náà, ìtòsí ẹ̀rọ kékeré yẹn ló tiẹ̀ wà. Kí ló dé tí kò ní í bá wọn wo òjò pẹ̀lú? Kí ojú kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì, kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kékeré dànù. Wọ́n gbé e lé ẹnjiníà àgbà lọ́wọ́, ọkùnrin gíga kan tí kì í jẹun ọ̀sán, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe agbéraga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó yọjú sí àgọ́ páànù, ó ní, "Àǹtí Olójò, ẹ pa òjò yín, ẹ wá wo nǹkan."

Olójò ti ẹnu ẹ̀rọ. Ó wọnú mọ́tò, omi ń ro tótó lára aṣọ òjò rẹ̀. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí gíláàsì iwájú tí omi bà lé káàkiri bí èéyi, lẹ́yìn náà ó gbé kọ̀ǹpútà tó gbé lé itan sún mọ́ ọn. Àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ló wà lójú rẹ̀: ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà, ọ̀nà tó lọ sí géètì, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí èèyàn lè ka ewé rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi wá ẹ̀kán omi kan ṣoṣo níbẹ̀."

Olójò wò ó títí. Kò sí. Ibi tí omi wà lórí gíláàsì kàn dà bí ìgbà tí èèyàn mí sí àwòrán náà fẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan mìíràn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ìbá gbádùn eléyìí," ló wí. "Ó ya ọmọ kan rí láti ẹ̀yìn wáyà ọgbà ilé ìwé. Ó ti kámẹ́rà mọ́ wáyà náà pẹ́kí, ó ṣí ojú kámẹ́rà dáadáa, ó wo ọmọ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí fọ́tò jáde, kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Èmi tí mo dúró tì í, mo rò pé idán ló pa."

Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Idán náà gan-an ló ń pa mí yìí." Ó mú ìka rẹ̀ méjì, ó fi ṣe òrùka. "Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọnú lẹ́ńsì ni. Bó bá gbòòrò, ibi tó bá fojú sùn nìkan ló máa mọ́. Ohun tó wà nítòsí á di èéfín. Ọ̀nà ló sì ń wò, ọ̀nà náà la ní kó máa wò. Ẹ̀kán omi wà níwájú imú rẹ̀, kò rí i. Bí mo bá wá fún ihò náà pọ̀" — ó fún òrùka ìka rẹ̀ pọ̀ títí tí kò fi ju ihò abẹ́rẹ́ lọ — "yóò rí ìtòsí, yóò rí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lójú," Olójò bá a parí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun."

Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni wọ́n fi bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Olójò á rọ òjò, Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ á pààrọ̀ lẹ́ńsì. Nígbà tí wọ́n fún ihò náà pọ̀ tí wọ́n sì tan gbogbo iná ńlá inú àgọ́, kámẹ́rà rí gbogbo ẹ̀kán omi, wáípà sì ń nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wá wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò náà jáde lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, àwòrán náà ṣókùnkùn, ó sì kún fún àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, tí kọ̀ǹpútà kò mọ èwo ni òjò nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá fi ihò náà sí àárín méjì. Ọ̀wààrà òjò, ó rí i, nítorí òjìji rẹ̀ ń ṣàn. Òjò ọ̀sán, ó gbìyànjú. Òjò winniwinni ìrọ̀lẹ́, kò rí i rárá, àfi ìgbà tó bá wù ú.

Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ni ilé iṣẹ́ bó ṣe rí. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó padà, ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ nínú àgọ́.

"Wọ́n ní kí á gbé e lọ sójú ọ̀nà," ló wí. "Kí á wá àwọn awakọ̀ tí á máa wà á kiri nínú òjò gidi, kí a máa kó àwòrán jọ. Wọ́n ní bí àwòrán bá ti pọ̀, kọ̀ǹpútà á kọ́ ara rẹ̀."

"Ṣé á kọ́ ara rẹ̀ lóòótọ́?"

"Ohun tí kò sí nínú àwòrán, Àǹtí Olójò, kí ló máa fi kọ́ ọ?"

Olójò gbọ́ ọ. Ohun tó tún gbọ́, tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa, ni pé wọ́n ń wá awakọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Mo ní àbúrò kan. Kò gbá adìyẹ rí."

Báyìí ni Rọra ṣe rí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó gba ẹ̀wù oníbọ́tìnnì tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí láyà, Màmá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tún bọ́tìnnì ibẹ̀ rán, nítorí ó ní àwọn tó rán an kò fẹ́ràn òwú. Ó ní, "Ọmọ mi méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀kan ń rọ òjò, ọ̀kan ń wakọ̀ nínú ẹ̀. Ó ku kí wọ́n wá mú èmi náà kí n máa sá aṣọ fún wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé ará ilé kejì kan ògiri.

Iṣẹ́ náà rọrùn lójú. Bí òjò bá ti ṣú, Rọra á gbé mọ́tò, á máa yí ìlú ká títí òjò á fi dá. Kámẹ́rà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bíréèkì; wíwò nìkan ló ń wò, tó sì ń fi ohun tó bá rí pamọ́. Wáípà nìkan ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n fi wáípà sílẹ̀ fún kámẹ́rà, àfi bí ewu bá wà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí awakọ̀ bá fọwọ́ tan wáípà, àwòrán ìrìn àjò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn kò ní lè lò ó. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, alábòójútó wọn á wò ó. Ẹni tó bá ṣe é léraléra, alábòójútó á bi í bóyá ó mọ̀ pé àwọn mìíràn ń wá iṣẹ́.

Ní ilé ìdáná, Olójò kìlọ̀ fún un. "Bó ò bá ríran, nù ún. Kí wọ́n bínú."

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kámẹ́rà yín ń gbìyànjú?"

"Mo ní ó ń gbìyànjú. Mi ò ní ó ń rí i. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí òjò bá wá ń ta winniwinni, má gbẹ́kẹ̀ lé e."

"Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Pé kí n rọra," ló wí, ó sì mú ẹran inú àwo rẹ̀ jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, nígbà tí ojú ọ̀run kò dúdú tí kò sì funfun. Òjò náà kò tó ohun tí èèyàn ń sá fún. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kàn fi ọwọ́ borí ni. Ohun tí Rọra sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ó ń wo gíláàsì náà bó ṣe ń kún díẹ̀díẹ̀, ó sì ń retí. Ó ní ọwọ́ òun ti kan ohun tí wọ́n fi ń tan wáípà. Ó wá rántí pé òun ti fọwọ́ tan án lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní kí òun fún ẹ̀rọ náà láyè díẹ̀, bóyá yóò rí i. Mọ́tò kan yọ láti iwájú, ó tan iná ńlá sí i. Iná náà fọ́ sára gbogbo ẹ̀kán omi orí gíláàsì, gíláàsì di funfun bí wàrà. Kò sáré. Wọ́n wá wọn ojú ọ̀nà lẹ́yìn náà, gbogbo wọn gbà pé kò sáré. Ó kàn gbọ́ ìró kan ni, bí ìgbà tí èèyàn ju àpò sílẹ̀.

Aránbàtà kan ni. Ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí kékeré, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà sọdá, ó ń lọ sílé. Rọra bọ́ sílẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń pariwo kí àwọn èèyàn wá. Àwọn èèyàn wá. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ọkùnrin náà ti dákẹ́.

Rọra kò sá, kò purọ́. Ọlọ́pàá mú un lọ. Nígbà tí Olójò dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó bá a lórí àga, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti gbẹ mọ́ orúnkún rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Àǹtí mi, mi ò rí i. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò rí i."

"Mo mọ̀," ni Olójò wí. "Ẹ̀rí wà. Kámẹ́rà wà níbẹ̀."

Gbogbo ilé wọn ló di ọ̀rọ̀ yìí mú. Màmá ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí i pé, "Kámẹ́rà wà níbẹ̀ o. Kámẹ́rà á sọ̀rọ̀."

Ọlọ́pàá béèrè àwòrán náà. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ṣí i fún wọn, ó sì pe Olójò kó jókòó ti òun kí wọ́n tó dé. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Àwòrán jáde.

Ojú ọ̀nà mọ́ kedere. Ó jẹ́ àwọ̀ eérú díẹ̀ nítorí ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìlà funfun àárín rẹ̀ hàn, ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn. Kò sí ẹ̀kán omi kan. Iná mọ́tò tó ń bọ̀ kò fọ́ káàkiri. Ó kàn rọ̀ díẹ̀ léteetí ni. Láti ọ̀ọ́kán, ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Èèyàn lè rí fìlà orí rẹ̀. Èèyàn lè rí okùn tó fi de àpótí. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò sí ohun tó bò ó lójú.

"Yéè," ni Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ó gbóná.

Olójò ká ọwọ́ lérí. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ojú tí kò rí òjò, òjò kò lè dí i lójú. Kámẹ́rà náà wo àárín ẹ̀kán omi kọjá bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ wo àárín wáyà kọjá. Ṣùgbọ́n Rọra kì í ṣe kámẹ́rà. Ó jókòó jìnnà sí gíláàsì, pẹ̀lú ojú méjì tí ìyá bí mọ́ ọn, gbogbo omi yẹn sì wà láàárín òun àti ọkùnrin náà.

"Ẹ máa sọ fún wọn," ni Olójò wí.

"Màá sọ fún wọn."

Ó sì sọ ọ́. Ní kóòtù, Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ihò àti ìmọ́lẹ̀, ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn, débi pé ó gbé gíláàsì kékeré kan wá tó wọ́n omi sí, tó sì ya àwòrán láti ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Omi náà pòórá nínú àwòrán. Àwọn èèyàn kùn. Olójò náà jẹ́rìí sí i. Àwọn méjì tó ń kọjá lọ́jọ́ náà wá sọ pé òjò rọ̀, pé ó ń ta winniwinni.

Adájọ́ náà kì í ṣe òǹrorò, kì í sì ṣe òpè. Obìnrin onísùúrù kan ni, ó sì fetí sílẹ̀ dé ìparí.

"Ó yé mi," ló wí. "Òjò rọ̀. Kámẹ́rà kò rí i, nítorí náà fọ́tò rẹ̀ dà bí ẹni pé òjò kò rọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí Rọra. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin rí òjò náà lórí gíláàsì yín?"

"Mo rí i, Olúwa mi."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ kò ríran dáadáa mọ́?"

"Mo mọ̀, Olúwa mi."

"Wáípà wà nítòsí ọwọ́ yín."

Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ dìde, ó ní àwọn ti sọ fún gbogbo awakọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n fọwọ́ tan wáípà bí ewu bá wà. Wọ́n pe alábòójútó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ ọ́. Kò wo ibi tí Rọra wà. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń bínú sí awakọ̀ tó bá tan án. Ó ní òun kì í bínú, òun kàn máa ń béèrè ni.

Nígbà tí wọ́n tún fi àwòrán náà hàn, ìyàwó aránbàtà gbé ojú rẹ̀ sókè wò ó. Ó wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Kò sunkún. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán yẹn, àlàyé tó wù kí ó jẹ́ ń bọ́ sílẹ̀ lára ni. Ojú ti rí ohun tó rí. Adájọ́ ní Rọra jẹ̀bi, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ríran, kò sì nu gíláàsì. Ọdún ẹ̀wọ̀n tó dá fún un pọ̀ ju ọdún tí Màmá lè rò pé òun ṣì ní láyé lọ.

Níta, Olójò lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó aránbàtà. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi mi orí.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí n máa bínú sí yín. Mi ò lágbára ẹ̀."

Olójò dìde. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àwọn tó ń retí ọkọ̀ kan náà, kí ẹbí obìnrin náà tó fà á lọ.

Ilé iṣẹ́ yọ kámẹ́rà náà kúrò nídìí wáípà. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ kékeré bí ìdérí ìgò jáde láti inú yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n lẹ̀ wọ́n padà mọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn bí ẹni pé wọn kò kúrò níbẹ̀ rí. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó lọ ó wá sí àgọ́ páànù, ó bọ Olójò lọ́wọ́.

"Mo sọ fún wọn," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ sọ ọ́."

Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ kí Olójò sọ nǹkan sí i. Olójò padà sẹ́nu ẹ̀rọ omi rẹ̀. Wọ́n ti àgọ́ náà pa láìpẹ́, wọ́n gbé Olójò lọ síbi tí wọ́n ti ń di kámẹ́rà sínú páálí. Wọ́n ṣì ń pè é ní Olójò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Oògùn Màmá ń bẹ níbẹ̀, owó ilé ń bẹ níbẹ̀. Ó ń jí, ó ń lọ.

Ohun tó le jù ni Màmá. Ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí Olójò bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Ṣé o ti sọ fún wọn pé òjò rọ̀?"

"Mo ti sọ, Màámi."

"Sọ ọ́ kó yé wọn."

"Ó yé wọn, Màámi."

"Ó yé wọn?" Màmá á wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Tó bá yé wọn, kí ló wá dé?"

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, Olójò nìkan ló ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí Rọra ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má mú Màmá wá. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì gígùn kan pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, wọ́dà kan á máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Rọra máa ń béèrè ẹni tó ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó máa ń ní kí wọ́n bá òun kí ará ilé kejì. Nígbà tó yá, ìbéèrè rẹ̀ ń dín kù. Ọjọ́ kan wá wà tó jókòó, tó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì.

"Àǹtí mi," ló wí, "mo ti ń rò ó."

"Kí lò ń rò?"

"Tí mo bá dijú tẹ́lẹ̀, gíláàsì yẹn ni mo máa ń rí. Bó ṣe funfun. Mi ò rí i mọ́. Fọ́tò yẹn ni mò ń rí báyìí. Fìlà ọkùnrin náà. Okùn àpótí ẹ̀." Ó fi àtàǹpàkò nu orí tábìlì bí ẹni tó ń nu omi. "Ọ̀nà mọ́, Àǹtí mi. Bóyá òjò náà ò tiẹ̀ rọ̀ tó bí mo ṣe ń sọ."

"Òjò rọ̀."

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Rọra, gbọ́ mi. Adájọ́ pàápàá gbà pé òjò rọ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ni, ohun tó bá sún mọ́ ọn jù..."

"Mo mọ̀. Ọ̀gá Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣàlàyé ẹ̀." Ó mi orí fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà ṣe ń mi orí fún ọmọdé tó ń sọ àlá rẹ̀. "Ó dáa. Òjò rọ̀. Kò burú."

Olójò nawọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Rọra jẹ́ kó dì í mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dì í padà. Wọ́dà ní àkókò ti tó. Rọra dìde kí wọ́dà tó parí ọ̀rọ̀, ó ti mọ ọ̀nà, ó sì ń lọ láìbojú wẹ̀yìn.

Màmá wà lójúfò nígbà tí Olójò délé. Ó ti gbé ara rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

"Ó ní kí ẹ máa jẹun."

Màmá wò ó lójú. "Òun ló ń purọ́ fún mi, àbí ìwọ?"

Olójò bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ gbé omi kaná, ó sì dúró tì í nínú ilé ìdáná títí ó fi hó.